Ọjọ́ Tí Wọ́n Béèrè Kùkùté Nílé Ọ̀gá Ọláyanjú

Bàtà ló kọ́kọ́ jáde nínú ọkọ̀ náà. Bàtà dúdú ni, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, bébà kékeré tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí sì ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn bàtà, ikùn jáde. Lẹ́yìn ikùn, fìlà. Ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí délẹ̀ tán ni Ọ̀gbẹ́ni Adéjùmọ̀ Ọláyanjú fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé sí ọjà pákó ní Ìsọlọ̀.

"Gbogbo ayé, ẹ dìde," ni Babáṣọlá ké. Akọ̀wé ọ̀gá yìí ni wọ́n ní ó jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni kí ó máa yin ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ dìde fún ìrókò tó wọ bàtà. Ẹ dìde fún igi kan tó ju igbó lọ."

Orí ìdúró ni àwọn onípákó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn yára jókòó sórí pákó, kí wọ́n lè rí ibi ti dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, nítorí tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún ráyè sọ nǹkan kan. Òun ni Olùdarí Àgbà Àjọ Igi Mímọ́. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀ fún. Igi líle bí àpá, ìrókò àti ọ̀gànwó ń tán lọ, nítorí àwọn olè ń wọ inú igbó onígbó, wọ́n ń gé e, wọ́n ń kó o wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú kan wà tó jẹ́ pé àwọn ará ìlú ló ń ṣọ́ igbó wọn fúnra wọn. Wọ́n mọ ìwọ̀nba tí wọ́n lè gé lọ́dún, wọ́n sì ń gbin òmíràn dípò rẹ̀. Igi irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àjọ yìí ń lù ní òǹtẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ra igi láì ra ẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí tí yóò rà.

Iṣẹ́ náà dára. Ẹni tí wọ́n gbé e fún nìkan ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Kò tíì jókòó dáadáa sórí àga tó fi pàṣẹ kí wọ́n gé igi dóńgóyárò iwájú ọ́fíìsì rẹ̀, nítorí ẹ̀ka igi náà kò jẹ́ kí àwọn tó ń kọjá rí pátákó tó gbé sórí ògiri, èyí tí wọ́n kọ "Ẹ Má Gé Igi" sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣòfin pé ẹni tó bá wọ ọjà pákó gbọ́dọ̀ kí pákó kí ó tó kí ènìyàn. Ẹ lè rò pé irọ́ ni mo ń pa. Ẹ ò gbọ́ bí bàbá arúgbó kan ṣe dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gànwó láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní, "Ẹ kú ojúmọ́, sà, ṣé dáadáa lẹ jí?" Òfin náà ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó dá Ilé Ìwẹ̀nùmọ́ sílẹ̀. Pákó tí kò bá ní òǹtẹ̀, "igi ẹlẹ́ṣẹ̀" ló ń pè é. Wọ́n á jù ú sínú ọkọ̀ àjọ, wọ́n á ní ó ń lọ wẹ̀ ní Ilé Ìwẹ̀nùmọ́. Kò sí onípákó kankan tó mọ àdúgbò tí ilé náà wà. Igi tó bá sì ti lọ wẹ̀ níbẹ̀, omi á gbé e lọ ni, kì í padà.

Ní àárọ̀ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni kò jókòó kí ó tó dìde. Ìyá Tiwátọ́pẹ́ ni, obìnrin tó ń ta igi líle ní ìparí ọjà. Ó dúró ti lọ́rì kan tí afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí lọ́rì náà ti wà lójú kan. Igi àpá ló kún inú rẹ̀, láti Ìdí-Òmọ̀, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n ń ṣọ́ igbó wọn bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Igi náà mọ́ bí omi òjò. Òǹtẹ̀ Ọ̀gá Ọláyanjú nìkan ló kù.

"Ẹ kú àárọ̀ sà, ọ̀gá mi." Ìyá Tiwátọ́pẹ́ kúnlẹ̀.

"Ṣé o ti kí pákó?"

"Mo ti kí wọn, sà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ó dára bẹ́ẹ̀." Ọ̀gá Ọláyanjú fi ìka kan kan igi inú lọ́rì, ó sì nu ìka náà sára ẹ̀wù Babáṣọlá. "Ìyá Tiwátọ́pẹ́, igi yìí mọ́. Mo ti wò ó, mo tiẹ̀ ti gbóòórùn ẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó bá a wá ni kò tó."

"Ọ̀wọ̀ báwo, sà?"

"Oyè. Ìlú tó bá mọ iyì ènìyàn, tó bá fẹ́ kí ọwọ́ mi yìí kan igi òun, á kọ́kọ́ fi mí joyè. Mo ní oyè mẹ́ta ní Èkó, mi ò ní ẹyọ kan nínú igbó. Ṣé ó yẹ kí Olùdarí Àgbà Igi máa rìn kiri láìní oyè igbó? Ó dà bí kí ni, Babáṣọlá?"

"Ó dà bí ọba tí kò ní adé, sà. Ó dà bí ìrẹsì tí kò ní ẹran."

"Mú ti ìrẹsì yẹn kúrò."

"Mo ti mú un kúrò, sà."

Ìyá Tiwátọ́pẹ́ ò tíì dìde lórí eékún. "Ọ̀gá mi, ẹ ṣàánú wa. Àwọn ọ̀dọ́ Ìdí-Òmọ̀ ti ń kùn. Wọ́n ní òótọ́ ò tà, pé igi olè ń kọjá lọ́sàn-án gangan, tàwọn tó mọ́ ló ń jókòó sí Ìsọlọ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gégi ti wá bá wọn, wọ́n ní kí wọ́n ta gbogbo igbó fún àwọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n máa ṣèpàdé lópin oṣù yìí. Bí lọ́rì yìí ò bá tíì kúrò níbí nígbà yẹn, wọ́n á tà á ni, sà. Wọ́n á gé e títí dé etí odò."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Ọláyanjú gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. "Ìpàdé? Ṣé níbi ìpàdé yẹn ni wọ́n ti ń fini joyè?"

Obìnrin náà wò ó, ó wo lọ́rì, ó sì fa fóònù yọ. Ó pe Baba Abórìṣàdé, olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ igbó Ìdí-Òmọ̀, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Oyè ni ọ̀gá ń fẹ́?" ni Baba wí. Àkùkọ kan ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. "Oyè kan péré ló wà nínú igbó wa. Olórí Ẹ̀ṣọ́ Igbó ni. Ẹni tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn ti relé ìsinmi. Láti ìgbà náà, kò tíì sẹ́ni tó fẹ́ ẹ."

"Wọn ò fẹ́ ẹ?" Ọ̀gá Ọláyanjú rẹ́rìn-ín. "Ojú ará oko ò mà tíì là o. Èmi fẹ́ ẹ."

"Iṣẹ́ wà nínú ẹ̀ o, ọ̀gá."

"Mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́."

"Òfin wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, a máa ń lọ sí ilé ẹ̀ lọ béèrè kùkùté. Gbogbo ohun tí wọ́n fi igi ṣe níbẹ̀ la máa ń bi."

Ọ̀gá Ọláyanjú yíjú sí Babáṣọlá. "O gbọ́? Wọ́n fẹ́ bá ilé mi sọ̀rọ̀."

"Ilé yín tó ẹni à ń bá sọ̀rọ̀, sà."

"Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé," ni ọ̀gá wí sínú fóònù. "Àjàó Estate ni. Ẹ wá bi gbogbo ẹ̀. Màá pe oníkámẹ́rà. Màá pe àwọn tó yàn mí sípò."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ mi yé? Kùkùté ni mo wí o."

"Baba, mo gbọ́. Mo fẹ́ràn kùkùté púpọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi jẹ́rìí pé wọ́n kìlọ̀ fún un. Ní Èkó, wíwọ̀ ni à ń wọ oyè. Ní Ìdí-Òmọ̀, rírù ni wọ́n ń rù ú. Ọ̀gá Ọláyanjú kò sì béèrè ìyàtọ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ìbéèrè kùkùté kò ṣòro. Tí wọ́n bá gé igi kan ní Ìdí-Òmọ̀, wọ́n á fi òòlù lu àmì ọkọ́ kékeré kan àti nọ́ńbà sára kùkùté rẹ̀, wọ́n á lu irú rẹ̀ gan-an sí ìdí igi tí wọ́n gé. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í fá àmì yẹn dànù. Yóò fi pamọ́ sí abẹ́ àga tàbí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá yí àga náà dé, tó rí nọ́ńbà rẹ̀, lè bọ́ sọ́nà kí ó lọ bá kùkùté rẹ̀ nínú igbó, kí ó sì rí ọmọ igi mẹ́ta tí wọ́n gbìn yí i ká. Igi tí kò mọ kùkùté rẹ̀, lójú àwọn ará ibẹ̀, dà bí ọmọ tí wọ́n jí gbé láìjẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ilé Ọ̀gá Ọláyanjú kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, ohun kan ṣoṣo tí ó sì kórìíra láyé ni ọkọ̀ òfuurufú, nítorí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Tí ọ̀kan bá ti ń kọjá, yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, yóò dúró bẹ́ẹ̀ títí tí ariwo yóò fi lọ, yóò sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tó gbé fi í sílẹ̀. Nínú ilé, àga kọjú sí àga, kọ́bọ́ọ̀dù dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Kúnbi ìyàwó rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn kó tó lè dé ilé ìdáná.

Àwọn onípákó wà níbẹ̀, nítorí ó kàn wọ́n nípá láti wá. Ìyáàfin Adéjùmọ̀kẹ́ wà níbẹ̀, òun ni alága ìgbìmọ̀ tó yan ọ̀gá sípò. Oníkámẹ́rà wà níbẹ̀. Àwọn ará Ìdí-Òmọ̀ dé pẹ̀lú ọmọ igi nínú ọ̀rá dúdú àti ọkọ́ kan. Baba Abórìṣàdé tín-ín-rín bí igi ìdáná. Obìnrin tó tẹ̀ lé e ni Olúfọlákẹ́, olórí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ igi. Iyanrìn ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Èmi Adéjùmọ̀ Ọláyanjú," ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, "tí wọ́n bí sí Múṣín, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ hù nínú igbó. Èmi tí ẹyẹ mọ̀. Èmi tí eèrà ń kí. Kí wọ́n tó dá igi, wọ́n ti ro tèmi mọ́ ọn." Ọkọ̀ òfuurufú kọjá. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ariwo lọ. "Wọ́n ti ro tèmi mọ́ ọn, mo ní."

Baba na ọkọ́ sí i. Ọ̀gá gbà á. Ó tún dá a padà, ó tún gbà á, nítorí oníkámẹ́rà ní oòrùn ò jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn.

"Ẹni tó bá ti gba ọkọ́ ti gba oyè," ni Baba wí. "Olórí Ẹ̀ṣọ́ Igbó, ó kù kí a béèrè kùkùté."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Baba fọwọ́ lé ilẹ̀kùn àbáwọlé. "Ilẹ̀kùn, níbo ni kùkùté rẹ wà?"

Onílé ló máa ń dáhùn fún igi rẹ̀. Ọ̀gá Ọláyanjú kì í sì í yin ohun ìní ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó ní ẹni tó ń sanwó fún. Ó mi orí sí Babáṣọlá, ẹni tó ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí dánra wò níwájú dígí.

"Ilẹ̀kùn àpá," ni Babáṣọlá ké, "ilẹ̀kùn tó ń ṣí bí ẹnu ọba. Èjìgbò ni wọ́n ti gbà ọ́ lọ́wọ́ aláìmọ́, wọ́n ní o ò ní òǹtẹ̀. Onípákó bẹ̀, ó bẹ̀, ó bẹ̀. Ta ló lè bẹ kìnnìún kó ju ẹran sílẹ̀? Ọ̀gá wa wẹ̀ ọ́ mọ́, ó fi ọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

"Kùkùté ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ agbára ọ̀gá wa."

Láàárín èrò, onípákó kan láti Èjìgbò fi ìgúnpá gún ẹnì kejì rẹ̀. "Ìwọ, ilẹ̀kùn mi nìyẹn."

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Jẹ́ kí wọ́n wọlé ná. Tèmi náà lè wà ńbẹ̀."

Wọ́n wọlé. Baba bi àga ńlá inú pálọ̀, Babáṣọlá sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gba igi rẹ̀ ní ọjà Bọ́ládé níṣojú gbogbo ayé, tí ẹni tó ni ín sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ àjọ pẹ̀lú sálúbàtà kan ṣoṣo. Òógùn ti ń yọ lórùn Ọ̀gá Ọláyanjú. Ó já Babáṣọlá léèékánná lẹ́yìn. Babáṣọlá rò pé wọ́n ní kí òun fi kún un ni.

"Tábìlì ìjẹun," ni Baba wí, "níbo ni kùkùté rẹ wà?"

"Tábìlì ọlọ́lá. Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ pósí ni ọ̀gá wa ti ṣẹ́gun rẹ. Wọ́n ti gé ọ tán, wọ́n ti wọ̀n ọ́ tán, olóògbé ló ń retí rẹ."

Kúnbi dúró. "Babáṣọlá, ọ̀dọ̀ ta?"

"Oníṣẹ́ pósí, mà. Pákó pósí gidi ni."

"Tábìlì tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà láràárọ̀?"

"Olóògbé ò tíì lò ó, mà."

Kúnbi yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ sọ fún mi pé láti Ítálì ló ti wá."

Ìyáàfin Adéjùmọ̀kẹ́ ti yọ gíláàsì rẹ̀, ó ti nù ún, ó ti wọ̀ ọ́ padà. "Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú, ṣé ibí ni Ilé Ìwẹ̀nùmọ́ tí ẹ ń kọ sínú ìjábọ̀ yín?"

"Ẹ̀ka rẹ̀ ni, mà. Ẹ̀ka kékeré."

"Mo rí i. Ẹ máa bá a lọ, Baba."

Yàrá ni wọ́n kàn. Ibùsùn kan wà níbẹ̀, ó tuntun débi pé òórùn fáníìṣì ń ta ènìyàn nímú, ó sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn yàrá kò lè ṣí tán. Babáṣọlá kò tíì la ẹnu tí Olúfọlákẹ́ fi kúnlẹ̀, tó yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti tàn.

"Baba, ẹ wá wò ó. Mẹ́tàdínlógún ni."

"Mẹ́tàdínlógún wa?"

"Òun ni. Ẹ ò rí àmì ọkọ́?" Ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ ibùsùn náà bí ẹni ń kí ẹbí tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra. "Mẹ́tàdínlógún, ẹ kú ìrìn o. Àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rúwé."

Inú Baba dùn. Nínú gbogbo igi tó wà nínú ilé ńlá yẹn, ọ̀kan ṣoṣo yìí ló ní ìdáhùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì dáhùn fún un. "Kùkùté rẹ̀ wà létí odò, ní Ìdí-Òmọ̀. Igi yìí mọ́." Lẹ́yìn náà ló yíjú wo ẹni tó ni ibùsùn. Ẹ wo bí ayọ̀ ṣe máa ń ṣáájú ọgbọ́n nígbà mìíràn.

Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Tiwátọ́pẹ́ wà. Kò gbé ohùn sókè. "Baba, ṣebí inú lọ́rì mi lẹ kó Mẹ́tàdínlógún sí."

"Lọ́rì tí wọ́n dá dúró?"

"Òun náà."

Ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá. Ọ̀gá Ọláyanjú gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bó ṣe máa ń ṣe. Fèrèsé gbọ̀n, ó dáwọ́ gbígbọ̀n dúró. Ariwo náà lọ, ó lọ tán pátápátá. Ọwọ́ ọ̀gá ṣì wà lókè. Gbogbo ènìyàn ń dúró dè é.

"Mi ò mọ̀ nípa èyí o," ni Babáṣọlá wí jẹ́jẹ́. "Wọn ò fún mi ní oríkì ibùsùn."

Ìyáàfin Adéjùmọ̀kẹ́ ní kí ọ̀gá gbé òǹtẹ̀ fún òun. Inú àpò fẹ́lífẹ́ẹ̀tì ni ó wà, bí ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó. Ìyáàfin gbà á, ó gbé e fún Ìyá Tiwátọ́pẹ́ mú dání. "Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Ìsọlọ̀ báyìí. Lọ́rì yẹn ò ní sùn níbẹ̀ mọ́." Ó wá kọjú sí ọ̀gá. "Ẹ ti kúrò nípò láti ìṣẹ́jú yìí. Ọ̀nà méjì ló kù. Ẹ lè bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Tàbí kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí Baba máa wí, nítorí níwájú kámẹ́rà lẹ ti gba ọkọ́."

"Òfin wa ò le," ni Baba wí. "Igi tí kò mọ kùkùté ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ ẹ̀ á dá a padà fún oníǹkan, á sì gbin mẹ́ta dípò ẹ̀. Á ro ìdí wọn títí òjò ọdún yìí fi máa dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ Olórí Ẹ̀ṣọ́ kúkú nìyẹn."

"Mélòó ni gbogbo ẹ̀?" Ohùn ọ̀gá ti wá kéré.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé yàrá àlejò."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ń rìn lórí èèyàn ní àwọn òpópónà Àjàó Estate. Àga ń kọjá, kọ́bọ́ọ̀dù ń tẹ̀ lé e. Onípákó Bọ́ládé gbé àga tirẹ̀ lérí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì wọ sálúbàtà méjèèjì. Kúnbi fúnra rẹ̀ ló ran oníṣẹ́ pósí lọ́wọ́ láti gbé tábìlì jáde, ó wá rìn láti pálọ̀ dé ilé ìdáná ní ojú títọ́, ó padà, ó tún rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibùsùn Mẹ́tàdínlógún nìkan ni wọn kò gbé. Olúfọlákẹ́ ní kí wọ́n fún Kúnbi, òun náà ti fara da púpọ̀.

Kí ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ Ìdí-Òmọ̀ tó pé, owó igi ti dé ọwọ́ wọn, àwọn oníṣòwò mẹ́ta sì ti ní àwọn fẹ́ irú rẹ̀ sí i. Wọ́n sọ fún àwọn tó ní ẹ̀rọ agégi pé kí wọ́n máa lọ. Ìpàdé náà kò pẹ́. Ọ̀rọ̀ ibi tí Olórí Ẹ̀ṣọ́ tuntun yóò máa sùn ló gba àkókò jù, nítorí ahéré ẹ̀ṣọ́ ti ń jò.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdé tó tẹ̀ lé ìpàdé náà, lọ́rì òfìfo dúró ní ọjà pákó, ó fẹ́ padà sí Oǹdó. Àwọn onípákó ti tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àṣà ló mú wọn wá. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú dé nínú kẹ̀kẹ́ Marúwá, ó wọ bàtà rọ́bà tí ìyàwó rẹ̀ rà fún un, ó di ọkọ́ mú.

Babáṣọlá ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Tiwátọ́pẹ́, ó ń bá a to pákó. Ó ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Sà, ṣé kí n sọ díẹ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú mi orí pé rárá.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ bá wa sọ̀rọ̀," ni Ìyá Tiwátọ́pẹ́ wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mọ́ etí gbogbo wọn lára ni.

Wọ́n dúró. Ẹnì kan pa rédíò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyanjú gbé ọkọ́ sẹ́yìn lọ́rì, ó gun ibi tí wọ́n ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò dé, ó tún un tì. Lọ́rì yí jáde lẹ́nu ọjà, ó sì gbé e lọ.